Ilé-Iṣẹ́ Tí Kò Ní Ẹnu Ọ̀nà

Ìparí òjò èṣí ni, nígbà tí àgbàdo sísè ti ń tán lójú títì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè rò pé èmi tí mo ti bá ìjọba fà á lórí owó oṣù àwa olùkọ́, tí mo ti sùn sí àtìmọ́lé nítorí ìyanṣẹ́lódì, kò yẹ kí n bẹ̀rù ìjà kankan mọ́. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí ọ̀rọ̀ Dúpẹ́ fi dé.

Dúpẹ́ ni àbúrò mi obìnrin. Aránṣọ ni, ìdí maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ló ti ń jẹun, ní Igbónà níbi tí àwa méjèèjì ń gbé ní Òṣogbo. Lọ́jọ́ náà, ó ń lọ sí ìsìn ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Iléṣà, ó sì fi fóònù pe ọkọ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tó ń so èrò pọ̀ mọ́ awakọ̀. Lùkúmáànù, ọmọ ilé aláró kan nínú Òṣogbo, ló wá gbé e. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó kánsẹ́ẹ̀lì ìrìnàjò náà, kó pa á rẹ́ lórí fóònù, kó san owó fún òun lọ́wọ́, torí ohun tí ilé-iṣẹ́ ń bù nínú owó òun ti pọ̀ jù. Dúpẹ́ ṣe é. Ó ti ń gbọ́ ìwàásù ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ lẹ́nu mi láti kékeré, ó sì mọ̀ pé bí mo bá gbọ́, inú mi á dùn.

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí táyà fi bẹ́, tí ọkọ̀ sì wọ kòtò. Ara Lùkúmáànù kàn bó díẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Dúpẹ́ ṣẹ́ lókè orúnkún.

Kí n tó dé ilé ìwòsàn, Alájì, bàbá Lùkúmáànù, àti àwọn àgbà ilé wọn ti dé ibẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ forí jì wá," ni Alájì wí. "Kádàrá ni. Ẹ má jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá."

Nílẹ̀ wa, ta ló lè wo irun funfun nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó ní òun kò gbọ́? Dúpẹ́ ní òun ti gbọ́, nínú ìrora tó wà. Alájì ṣe bí ọmọlúàbí, òun ló gbọ́ bùkátà iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n egungun náà kò tò bó ṣe yẹ. Dókítà ní bí wọn kò bá tún un ṣe, ẹsẹ̀ náà kò ní tẹ maṣíìnì mọ́ láyé. Agbára Alájì ti pin, tiwa náà kò tó.

Mo wá kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, torí wọ́n ní ètò adójútòfò fún èrò tó bá fara pa. Èsì dé sórí fóònù pé kò sí irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ọlọ́pàá kò mọ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó ya àwòrán ọkọ̀ nínú kòtò, ẹ̀mí ni àwọn tó fà á jáde ń lé.

Òṣómàáló ni bàbá wa, ó ń ta aṣọ láwìn káàkiri. Bí onígbèsè bá ń sá fún un, á lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò ní jókòó, kò ní jẹun, títí onítọ̀hún á fi jáde. Bí mo ṣe ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà nìyẹn. Mo wá ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ yìí kiri Òṣogbo. Yàrá tí wọ́n júwe fún mi, onígbàjámọ̀ ni mo bá níbẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni àwọn awakọ̀ fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ lórí owó tí wọ́n ń bù yìí kan náà. Wọ́n wá bá mi, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo gbà, mo ṣáà ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àwọn èrò tó fara pa kún un. Lùkúmáànù fúnra rẹ̀ ṣèlérí pé òun á sọ ọ́ létí àwọn oníròyìn pé òun gbé Dúpẹ́.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n pa ètò ilé-iṣẹ́ náà lórí fóònù wọn, wọ́n to ọkọ̀ sí Òkè-Fìà, orin sì sọ. Ara mi yá gágá, ó dà bí ayé àtijọ́. Nígbà tó kan Lùkúmáànù, ó gba gbohùngbohùn, ó wojú mi, ó sọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń bù, ó sì gbé e fún ẹlòmíràn.

Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní, "Ìlérí wa ńkọ́?"

"Bàbá, ilé-iṣẹ́ á yọ mí lórí ètò wọn tí mo bá jẹ́wọ́. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe tèmi, mo ṣì ń san án. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé Màmá, àbúrò yín, ti ní àwọn ti forí jì mí."

Kò parọ́.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìròyìn wọlé sórí fóònù gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà pé ilé-iṣẹ́ ti dín owó tí wọ́n ń bù náà kù. Wọ́n hó yèè, wọ́n sì tú ká síṣẹ́. Kò sí nǹkan nípa èrò nínú rẹ̀, kò sì sí orúkọ ẹnì kan lábẹ́ rẹ̀ tí n bá dá lóhùn. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Wọ́n jàre ohun tí wọ́n gbà, mi ò lè bínú sí wọn, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ máa gba ẹ̀bẹ̀ àgbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá ti kọ ọ́ sílẹ̀ ná. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú yín pa ìrìnàjò rẹ́ lórí fóònù. Ẹsẹ̀ kan ni ilé-iṣẹ́ náà ṣì jẹ wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà Dúpẹ́ ní Iléṣà ní ká wá. Mo pe ọkọ̀. Awakọ̀ dé, ó ní kí n kánsẹ́ẹ̀lì, mo ní n kò ní ṣe é. Ó bẹ̀ mí, ó sì wakọ̀ rẹ̀ lọ. Mo pe òmíràn, ohun kan náà ló sọ. Oòrùn ti mú, Dúpẹ́ fara ti ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì.

"Bọ̀dá mi," ló wí, "ẹ bá a kánsẹ́ẹ̀lì ẹ̀. Mi ò lè dúró mọ́."

Mo tẹ fóònù náà, mo ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún un, a sì wọlé.