Àpótí Òjò Tíṣà Ògúnkọ̀yà

Títí dòní, tẹ́ ẹ bá dé Ayépé, wọn á sọ fún yín pé olóògbé Tíṣà Ernest Ògúnkọ̀yà de òjò mọ́ inú àpótí funfun kan tí kò ju páálí ìṣáná méjì lọ, ó so ó kọ́ sẹ́yìnkùlé, ó sì ń fi bátìrì bọ́ ọ. Irọ́ ni. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ nirọ́.

Ọmọ Tíṣà ló fi àpótí náà ránṣẹ́ láti Kánádà. Níta ló ti máa ń wọn ooru àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, á sì ju nọ́ńbà rẹ̀ sórí sírínì kan, ojú gíláàsì kékeré tó wà nínú pálọ̀, láìsí wáyà. Ibi ìbòòji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ló yẹ kí wọ́n gbé e kọ́. Tíṣà so ó mọ́ abẹ́ àtíbàbà ẹ̀yìnkùlé. Ìbòòji wà ńbẹ̀, atẹ́gùn wà ńbẹ̀. Gàrí tí Màmá Matilda, ìyàwó rẹ̀, ń yan níbẹ̀ nìkan ni kò rántí.

Lọ́jọ́ tí Raheemah, opó tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, sá kòkó rẹ̀, nọ́ńbà ọ̀rinrin lójú sírínì fò dé márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Tíṣà bẹ́ síta tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì.

"Raheemah! Kó kòkó! Òjò Nóà ń bọ̀!"

Gbogbo làálàá ọdún Raheemah ló wà lórí àwọn ẹní tó sá kòkó sí. Òjò ti jẹ́ kí ti èṣí bu, ó sì ti búra pé bí ti ọdún yìí bá tún bu, òun á fi oko sílẹ̀. Ó yáa kó o. Àdúgbò kó tiwọn. Oòrùn wá ràn débi pé ewúrẹ́ ń wá ìbòòji lábẹ́ ewúrẹ́.

"Bàbá, òjò ọ̀hún dà?"

"Ó ti dé Odogbolu. Kèké ni kò tètè rí wọ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló kéde òjò lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà nilẹ̀ gbẹ bí ahọ́n ẹni tó ń gbààwẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n rí àpótí lábẹ́ òrùlé lódìkejì ilé, níbi tí oòrùn àti èéfín kì í dé. Tíṣà ní ìmọ̀ ló ń dàgbà. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, sírínì jókòó sórí ọgbọ̀n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè: àádọ́ta, àádọ́rin, márùndínláàádọ́rùn-ún. Tíṣà gba ilé Raheemah lọ.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí kòkó mi sinmi."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Tíṣà kò ṣàlàyé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tòun ti ọdún méjìdínlọ́gọ́rin rẹ̀, ó ń kó o. "Tó bá jẹ́ irọ́, màá bá ọ sá a padà." Àánú ṣe Raheemah, ó bá a kó o. Bí wọ́n ṣe gbé ẹní tó kẹ́yìn wọlé báyìí, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù. Kòkó yẹn kò bu. Oko ṣì wà lọ́wọ́ Raheemah dòní.

Láti ìgbà tí Tíṣà ti lọ, ìpàdé àdúgbò tó tẹ̀ lé òjò yẹn ni Raheemah máa ń rántí jù. Abdulrauf, alága, kí Tíṣà ní Adéjò-mọ́lẹ̀. Gbogbo ènìyàn na ẹsẹ̀, wọ́n ń retí ìgbéraga wákàtí méjì. Tíṣà dìde, ó ṣí fìlà.

"Ẹ jẹ́ n tún un sọ. N ò de òjò kankan. Ooru gàrí ni mo kà sí yín létí lẹ́ẹ̀mẹfà. Matilda ló rí i, òun ló gun àga lọ tú àpótí ọ̀hún, tó gbé e síbi tó yẹ, nígbà tí mo ń sùn lọ́sàn-án. Èmi nìkan ló sọ fún, kẹ́ ẹ má bàa sọ pé ọkọ òun ò mọ̀wé. Ẹ bá mi kí i."