Rodo Mẹ́ta Wọlé, Rodo Mẹ́ta Jáde

Gbogbo ẹni tó bá Ìyá Onírodo ṣiṣẹ́ rí nílé ìdáná iléeṣẹ́ bíríkì ló mọ òfin rẹ̀: rodo mẹ́ta wọlé, rodo mẹ́ta jáde. Ata rodo tó pọ́n dáadáa, tí igi rẹ̀ ṣì wà lórí, tí kò sì sí ojú egbò kankan lára rẹ̀, ló máa ń jù sínú ọbẹ̀ tó bá ń hó. Kò ní gé e, kò ní lọ̀ ọ́. Òórùn ata á tú síta, oró rẹ̀ á jókòó sínú. Kó tó bẹ́, ìyá á ti fi ṣíbí yọ ọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́fà òṣìṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì sunkún nídìí abọ́ rẹ̀, àfi ọ̀gá kan tó ní dandan, òun á jẹ rodo tí wọ́n yọ. Ìyẹn fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìjàngbọ̀n, odidi ọ̀sán ló sì fi gbẹ́nu sábẹ́ ẹ̀rọ omi.

Nílé, òfin mìíràn ni. Bàbá Káfíńtà, ọkọ rẹ̀, kì í jẹ ọbẹ̀ tí kò bá mú un làágùn. Tirẹ̀, lílọ̀ ni, tòun ti kóró. "Ẹ̀mí tí ò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni," ni yóò máa wí, á nu imú, á sì na abọ́ síta lẹ́ẹ̀kejì.

Àfìgbà tí àìsàn dá bàbá dùbúlẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù, ara rẹ̀ yá, ó padà sílé, ṣùgbọ́n kò jẹun mọ́. Ṣíbí mẹ́ta, ó parí. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, okùn ló fi ń so ṣòkòtò mọ́dìí. Dókítà sì ti kìlọ̀ pé bí kò bá jẹun, oògùn kò ní ríbi dúró lára rẹ̀. Kò ka ata léèwọ̀ o. Ìyá fúnra rẹ̀ ló rò pé ọ̀fun aláìsàn kò lè gba oró, ló bá gbé òfin iléeṣẹ́ wá sílé.

"Ṣé kò dùn ni?"

"Ó dùn. Ọwọ́ tìẹ kì í tàsé."

"Ẹ jẹ ẹ́ nígbà náà."

"Mo ti yó."

Irọ́ ni, àwọn méjèèjì sì mọ̀. Ìyá á gbé abọ́ padà, á lọ máa sunkún nídìí sítóòfù. Ẹni tó ń bọ́ ọgọ́fà ènìyàn, kò rí ẹyọ kan bọ́ nílé. Ẹ̀rù sì ń bà á pé bàbá ti ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń yọ rodo lọ́wọ́ nínú ọbẹ̀ ẹja ni bàbá pariwo láti yàrá. Okùn ti já, ṣòkòtò ti bọ́ sílẹ̀, káfíńtà kò lè bẹ̀rẹ̀ gbé e. Ìyá sáré lọ, ó bá a so ó, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó padà, ó bu ọbẹ̀, ó gbé e fún un. Ìgbà tó fẹ́ fọ àwo tó ń kó ata sí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó: rodo méjì péré.

"Mo gbé o!"

Ó gbé omi, ó sáré wọlé. Ojú bàbá ti pọ́n, imú ń dà, òógùn ń ṣàn níwájú orí.

"Ẹ tu ú dànù! Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì ni!"

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbá abọ́ mọ́ àyà. "Má gbà á lọ́wọ́ mi."

"Kí lẹ wí?"

"Ìyàwó mi, látìgbà tí mo ti dé, bí ẹni ń jẹ pépà ni. Mi ò gbọ́ òórùn, mi ò mọ adùn. Mi ò sọ fún ẹ, kó o má baà rò pé ọwọ́ ẹ ló bàjẹ́. Òní ni nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu mi."

Ìyá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Oṣù mẹ́ta! Ẹ̀yin ń purọ́ níbí, èmi ń sunkún lọ́hùn-ún!"

Bàbá ń jẹun lọ. Ó lá abọ́ mọ́, ó wá gbójú sókè.

"Mélòó ló bẹ́ sínú ẹ̀?"

"Ẹyọ kan."

"Méjì tó kù ńkọ́?"

Ìyá dìde, ó lọ gbé ìkòkò ọbẹ̀ àti àwo ata wá, ó bu ọbẹ̀ sí i, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ rodo kan fọ́ sínú rẹ̀. Bàbá na ọwọ́ sí èkejì, ìyá gbá ọwọ́ náà kúrò.

"Tọ̀la nìyẹn."

Bàbá tẹjú mọ́ ata náà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Ṣé láàárọ̀ ni, àbí lọ́sàn-án?"