Àkísà Pupa Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkúta Àdúgbò Wa

Ẹ jẹ́ kí n ráhùn díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì ń bí mi nínú, mi ò sì rí ẹni tí màá bínú sí!

Ọ̀fàtẹ̀dó ni mò ń gbé. Òkúta ńlá kan wà láàárín ọ̀nà wa, tí òjò bá sì ti rọ̀, omi á bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀kadà mélòó ni kò tíì ṣubú níbẹ̀? Mo gbọ́ pé létí òkun, wọ́n máa ń kọ́ ilé gíga tó ń tanná, kí ọkọ̀ ojú omi má baà forí sọ àpáta. Ta ló fẹ́ kọ́ irú ẹ̀ fún wa? Èmi fúnra mi ri igi gígùn mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta yẹn, mo so àkísà pupa mọ́ ọn, mo gbé iná sólà kékeré sórí ẹ̀. Gbogbo ọlọ́kadà mọ̀ pé apá ọ̀tún igi náà là ń gbà. Ọkàn wa balẹ̀.

Ni màmá mi bá wá kí wa láti Iléṣà lẹ́yìn òjò ńlá kan. Ìyá àdúrà ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Igi nínú omi, aṣọ pupa lórí ẹ̀, níwájú ilé ọmọ wọn! Kí lẹ rò pé wọ́n máa pè é? Wọ́n ní ààlè ni, pé ọ̀tá ló fi dí ọ̀nà mi. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ padà, mo ti lọ síbi iṣẹ́, wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n fà á tu, wọ́n da kẹrosíìnì sí i, wọ́n sun ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ọ̀kadà.

Ọlọ́kadà ní òun wá igi tì, òun sì rò pé wọ́n ti fọ́ òkúta náà kúrò. Ó wọ àárín omi tààrà!

Ọwọ́ màmá mi ló kán. Mo sáré dé ọsibítù, ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu. Kí n tó lanu, wọ́n fi ọwọ́ kejì dì mí mú.

“Ṣé o rí i, ọmọ mi? Ká ní mi ò tu nǹkan yẹn ni, òkú mi ni wọn ì bá gbé débí.”



Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé àmì ò lè gba ẹni tí a ò sọ ìtumọ̀ ẹ̀ fún là. Irú ẹ̀ ti ṣe yín rí? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá. Mo ti ri igi mìíràn, màmá mi sì ti ní àwọn àti ẹgbẹ́ aládùúrà wọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.