Wolé-wolé Tó Ti Oògùn Ara Rẹ̀ Pa

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Wolé-wolé ti ilé búrẹ́dì mi pa kó tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kíní, aáyán ló rí lábẹ́ tábìlì. Ẹyọ kan. Lẹ́ẹ̀kejì, eku ló gé àpò fùláwà jẹ. Ó lẹ ìwé pupa mọ́ ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ sí i, ó kí mi pé ó dàárọ̀. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ti rí abẹ́ tábìlì rẹ, kí lo tún fẹ́ fi pa mọ́ fún un?

Nítorí náà, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ yọ sí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí búrẹ́dì kejì ṣì wà nínú ààrò, mo rò pé ọkọ rẹ̀ ló rán an wá wo ìdọ̀tí.

"Bàbá Oníbúrẹ́dì, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ìwé pupa tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yín nígbà yẹn, báwo lẹ ṣe ṣe é tó fi ṣí i?"

"Kí ló tún tì pa?"

"Oògùn rẹ̀ ni. Ó ti kọ́bọ́ọ̀dù oògùn pa. Ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì sí i. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí kò fi kóró kan sẹ́nu."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n ojú obìnrin náà kò gba ẹ̀rín. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí kan náà ló gbé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ṣubú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tí apá ọ̀tún rẹ̀ kò fi ṣiṣẹ́ mọ́. Orí sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Wolé-wolé láràárọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò fa ìwé náà ya?"

"Èmi? Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti wà nílé ọkùnrin yìí. Mi ò fa ìwé rẹ̀ ya rí."

Mo ní kó máa lọ. Mo ní bí búrẹ́dì bá ti jáde, mò ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìbọ̀sẹ̀ funfun lẹ́sẹ̀, tọ́ọ̀ṣì lápò. Bí o bá fún un lómi, á gbé ife náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ kó tó mu ún. Ọdún márùndínlógójì ló fi yẹ oúnjẹ wò fún ìjọba: ẹran, mílíìkì, ẹja inú agolo, búrẹ́dì èmi aláìṣẹ̀. Kò gba rìbá. Ẹnì kan gbé adìyẹ fún un rí kó lè fojú fo nǹkan. Ó yẹ adìyẹ náà wò, ó ní ara rẹ̀ kò yá, ó dá a padà. Nílé, á ṣí ìkòkò ọbẹ̀, á béèrè ìgbà tí wọ́n sè é. Ìyàwó rẹ̀ ní lọ́jọ́ kan òun á kọ déètì síwájú orí òun, kó lè mọ ìgbà tí òun máa bàjẹ́.

Mo bá a lórí àga, ó fọwọ́ ti orí. Mo gbé búrẹ́dì gbígbóná sílẹ̀.

"Ṣíbí iyọ̀ mélòó lo fi sí i?" Kò tíì kí mi o.

"Bí mo ṣe ń fi sí i látẹ̀yìnwá. Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá."

"Obìnrin yẹn ló pè ọ́."

"Ebi ló pè mí. Kí ni oògùn ṣe ọ́?"

Ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ tìmùtìmù. Ìwé inú páálí oògùn ni. Bí ó ṣe tú u, ó gùn tó aṣọ ìnura. Ó gbé dígí rẹ̀ sójú, èyí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá.

"Gbọ́. Ó lè fa kí ẹsẹ̀ wú. Ó lè fa òòyì. Òòyì yẹn gbé mi ṣubú ní balùwẹ̀, mo fi ìgbáròkó lulẹ̀. Ó lè fa èébì. Mi ò tíì dé ìdajì. Bí o bá kọ èyí sára búrẹ́dì rẹ, ta ni á rà á?"

"Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sára búrẹ́dì mi. Ṣé kò há èèyàn lọ́fun rí ni?"

"Oúnjẹ nìyẹn."

"Oògùn nìyí. Wọ́n tiẹ̀ kọ tiwọn sílẹ̀."

Ó yíjú sí ògiri. Mo mọ̀ pé bí mo bá ń bá a jà, á tún wá ìwé pupa míì. Mo gé búrẹ́dì. Mo jẹ díẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí eku gé àpò mi," mo ní, "àpò mélòó lo dà nù?"

"Ẹyọ kan."

"Mélòó ló wà nílé?"

"Méjìdínlógún." Kò gbàgbé. Kò lè gbàgbé.

"Kí ló dé tí o ò da gbogbo rẹ̀ nù?"

"Ṣé wèrè ni mí? Mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dára, mo ní kí o lò ó."

"Ta ló yẹ oògùn tìrẹ wò lọ́kọ̀ọ̀kan?"

Mo jẹ búrẹ́dì mi. Ó dìde. Ó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi ọ̀bẹ bó ìwé pupa náà bí ẹni ń bó ọsàn, kò fà á ya. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Ó to páálí mẹ́ta sórí rẹ̀. Ó mú pẹ́ńsùlù. Ó kọ́kọ́ wo déètì, ó ní kò tíì kọjá. Ó wo ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Lẹ́yìn náà ló wá ń wo àwọn ọ̀rọ̀ wínníwínní tó wà lábẹ́ orúkọ ńlá, èyí tí kò sẹ́ni tó ń kà. Ó ní lára agolo mílíìkì, ibẹ̀ ni olè máa ń sùn.

Lójijì ó na ọwọ́ sókè.

"Mo mú wọn!"

Páálí funfun àti páálí aláwọ̀ ìyeyè, orúkọ wọn yàtọ̀. Ilé iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wínníwínní yẹn, ọ̀kan náà ni. Oògùn kan náà ló wọ ẹ̀wù méjì. Oṣù méjì gbáko ló fi ń lo méjèèjì pa pọ̀; àbájọ tí òòyì fi gbé e ṣubú.

Inú rẹ̀ dùn bí ẹni mú olè. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ sọ́sibítù. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ìdí fi kú. Ọkùnrin tó ń tọ́jú káàdì wá ti Wolé-wolé lọ, ó wá a bọ̀, ó wá mú méjì jáde. Èkíní ni ti tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ní ó ti sọnù. Wọ́n ti ṣí èkejì kí wọ́n tó rí i. Dókítà tó rí èkejì kò rí èkíní, òun náà sì kọ oògùn tirẹ̀ láìgbójú sókè. Nínú èkíní, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni Wolé-wolé. Nínú èkejì, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni. Ó bínú sí gbogbo ohun tó kù, ṣùgbọ́n kò bá wọn jiyàn lórí ọdún mọ́kànlélógójì yẹn.

Dókítà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kéré sí àbígbẹ̀yìn mi. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó tún un wọ̀n. Ó gba páálí méjèèjì, ó kà wọ́n.

"Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ ti ń lo ìlọ́po méjì. Ẹ̀bi wa ni ti oṣù méjì yẹn, ẹ má bínú." Wolé-wolé gbé àyà sókè. "Ṣùgbọ́n ẹ̀bi yín ni ti ọjọ́ mẹ́sàn-án yìí. Ó dẹ̀ léwu ju tiwa lọ. Ẹ̀jẹ̀ yín ti lọ sókè gan-an."

Àyà náà sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹyọ kan náà ńkọ́, ṣé kò ní ewu?"

"Ó ní. Ẹsẹ̀ yín lè wú díẹ̀. Bó bá wú, ẹ wá bá mi. Ẹ má tì í pa. Èyí tó burú jù nínú ìwé yẹn, mi ò tíì fojú ara mi rí i. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe, wọ́ọ̀dù kan kún fún un lókè yìí."

Ó ṣì ń rò ó. Mo rí i pé ó ń rò ó. Ìyàwó rẹ̀ ló dá sí i.

"Ta ló ń bá ẹ̀gbọ́n yín di bọ́tìnnì?"

"Ìyàwó rẹ̀ ni."

"Ó dáa. Ìka ń ro mí o. Mi ò lè di bọ́tìnnì ẹnikẹ́ni."

Wolé-wolé fọwọ́ kan bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní, "Ẹ fún mi lómi." Wọ́n gbé e wá. Ó gbé ife náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló gbé oògùn mì.

Kí a tó kúrò, ó fa ìwé pupa kan yọ lápò, ó kọ ọ́ fún wọn: ọjọ́ mẹ́rìnlá láti sọ káàdì méjì di ọ̀kan. Dókítà náà fọwọ́ sí i, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọjọ́ pé, Wolé-wolé padà lọ wò ó. Wọ́n ti fi okùn so méjèèjì pọ̀. Ó ní kò burú fún ìbẹ̀rẹ̀.

Nílé, lọ́jọ́ tí a ti ọsibítù dé, ó wá òǹtẹ̀ tó fi ń lu ẹran nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó lù ú sára páálí kan nínú méjì yẹn: Ó DÁRA FÚN JÍJẸ. Ó ju ìkejì rẹ̀ sápò láti dá a padà fún wọn. Páálí kẹta kò ní ẹ̀bi, ó lù ú náà. Láti ọjọ́ yẹn, kò fo àárọ̀ kan.

Èmi ni mo jìyà ọ̀rọ̀ náà. Dókítà ní kó dín iyọ̀ kù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìwé pupa ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, ẹlẹ́ẹ̀kẹta: ọjọ́ méje, kí n ṣe búrẹ́dì tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó ìdajì. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì o. Mo ṣe é. Mo gbé e lọ fún un. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó gé e, ó fi sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ títí.

"Kò dùn," ó ní.

"Òǹtẹ̀ dà?" mo ní. "Lù ú, kí o máa jẹ ẹ́."