Ìgbà Tí N Kò Lè Kí Ìyá Ọkọ Mi Lójú Omi

Mo rántí ìgbà tí mo sọ ara mi di odi lójú omi. Àwọn dókítà ti gé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè mi lápá kan nítorí kókó tó hù síbẹ̀, ihò sì ṣẹ́kù láàárín ẹnu àti imú. Wọ́n fún mi ní eyín àtọwọ́dá tó ní èdídí lórí, tó ń dí ihò náà. Bí mo bá fi sẹ́nu, ọ̀rọ̀ mi á já gaara díẹ̀. Bí mo bá yọ ọ́, gbogbo rẹ̀ á gba imú jáde, ọmọ tí mo bí gan-an á ní kí n tún un sọ. Ṣùgbọ́n èdídí náà wúwo. Bí mo bá la ẹnu láti ké, á já bọ́.

Nínú ilé, kò sí wàhálà: mo kúnlẹ̀, mo rọra sọ̀rọ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n ta ní í kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀ ọpọ́n? Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìlàjẹ, bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, ohùn ló ń kúnlẹ̀ fún àgbà. Èmi ọlọ́gbọ́n wá ń bẹ̀rù kí eyín mi má lọ di oúnjẹ ẹja, ni mo bá ń yọ ọ́, mo ń dì í mọ́ etí aṣọ kí n tó wọkọ̀. Bí ìyá ọkọ mi bá ké sí mi láti inú ọkọ̀ tirẹ̀, èmi á juwọ́, kó má baà gbọ́ ohùn imú mi. Àgbà ni mo ń juwọ́ sí bí ẹgbẹ́ mi!

Ọkọ mi ń bá àwọn elépo rọ̀bì ṣiṣẹ́ lórí òkun, kì í sábà wálé. Ìyá rẹ̀ ló ń po ògì fún mi nígbà tí ojú ọgbẹ́ ń jinná. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Ó ṣáà ń gbọ́ tí mo ń sọ̀rọ̀ nílé, ó rò pé ìgbéraga ni. Mo gbọ́ pé ó ní, “Ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé.” Ó dùn mí wọ eegun, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti ṣàlàyé.

Mo padà lọ bá obìnrin tó ń ṣe eyín ní ilé ìwòsàn. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìyá ọkọ mi ni mo fẹ́ kí, láti inú ọkọ̀ dé inú ọkọ̀.” Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n ké bí ẹni tó wà lójú omi. Mo ké, eyín já bọ́, àwọn tó jókòó níta sì dìde. Ó bá ṣe òmíràn: ó jẹ́ kí inú èdídí náà ṣófo kó lè fúyẹ́, ó fi wáyà kọ́ ọ mọ́ eyín tó ṣẹ́kù, ó sì mú ẹ̀yìn rẹ̀ ga sí i kí atẹ́gùn má baà gba imú.

Lọ́jọ́ ọjà, mo rí ọkọ̀ ìyá ọkọ mi tó ń bọ̀. Eyín tuntun náà wà lẹ́nu mi. Mo ké, “Ìyá mi, ẹ kú àbọ̀ o!” Ohùn mi ṣì ń gba imú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dáwọ́ àjẹ̀ dúró. Nígbà tí ọkọ̀ wa súnmọ́ra, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó di etí ọkọ̀ mi mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Ọma mi,” ó ní, “ohùn imú lásán lo ń fi pamọ́ fún mi? Bó o bá fi imú kí mi, imú náà ni ǹ bá fi dá ọ lóhùn.”

Ó ti papò dà báyìí, òkun tó ń jẹ ilẹ̀ wa sì ti gbé ilé tó ń gbé lọ. Eyín tó wà lẹ́nu mi lónìí tún dára ju ìyẹn lọ; àwọn èèyàn a máa yìn mí pé ọ̀rọ̀ mi já gaara. Síbẹ̀, àwọn oṣù tí mo fi juwọ́ sí i ṣì ń dùn mí. Bí mo bá tún lè pàdé rẹ̀ lójú omi, n kò ní dúró wá eyín kankan.