Ọjọ́ Tí Ìgbálẹ̀ Ń Sinmi

Bí mo bá rí ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìyá ará Ṣáínà tá a jọ gbé ní Hyattsville, ní Amẹ́ríkà, ni mo máa ń rántí. Ilẹ̀kùn wọn ló kọjú sí tèmi. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń fúnni ní nǹkan, ìbáà ṣe ife tíì lásán.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bá wọn ṣọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà, ọsàn méjì ni mo mú lọ. Wọ́n gbà á, wọ́n sì fi méjì mìíràn lé mi lọ́wọ́, pé àlejò kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tá a jẹ ẹ̀pà tán, tí èèpo kún ilẹ̀, mo dìde mú ìgbálẹ̀. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í fi ilẹ̀ gbígbá sílẹ̀ fún àgbà. Wọ́n rọra gbà á lọ́wọ́ mi.

"Kì í ṣe lónìí. Oríire ọdún ló wà nílẹ̀ yẹn. A kì í sì í sunkún lónìí."

Lọ́dún yìí, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kọ́dún wọn kò tí ìyá náà fi kú. Iṣẹ́ ò jẹ́ kí ọmọbìnrin wọn tó ń gbé ní Bowie ráyè wá palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ títí di ọjọ́ ọdún gan-an. Mo lọ ràn án lọ́wọ́. Bó ṣe mú ìgbálẹ̀, mo ní, "Ọdún yín lónìí. Màmá ò ní gbà ká gbálẹ̀."

Ó ti gbàgbé. Ó gbé ìgbálẹ̀ padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó jókòó sáàárín ìdọ̀tí, ó bú sẹ́kún.

Èèwọ̀ ni ẹkún náà lọ́jọ́ yẹn. Mi ò rán an létí.