Ọkọ̀ Tí Mujeebah Yí Padà

Mushin kò ní odò, gọ́tà ló ní. Ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyá Mujeebah, ibẹ̀ ni Mujeebah sì ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ kó tó mọ̀wé kà. Nígbà tí ọmọ káfíńtà ará Mushin yìí wọ yunifásítì tó fẹ̀yìn ti ọ̀sà ní Yaba, ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi. Òun ni wọ́n fi sídìí ọkọ̀, kó máa tọ́ ọ, kó sì máa ké fún àwọn tó ń fi àjẹ̀ wà á. Ọdọọdún ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ń figagbága lórí ọ̀sà, ọdọọdún náà ni tiwọn ń ṣe ipò kejì. Ọdún àṣekágbá Mujeebah rèé, ife ẹ̀yẹ yẹn sì ń wù ú ju ìwé ẹ̀rí lọ.

Òfin kan wà: ẹni tí kò bá yege ìdánwò ìlúwẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀. Nítorí òfin yìí, ẹnikẹ́ni kì í wọ jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó lọ́jọ́ ìdíje. Ojo ni wọ́n ń pe ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Jọmílójú, akẹ́kọ̀ọ́ tó kéré sí Mujeebah tó sì ń bá a gbé yàrá, lágbára lápá ju ọkùnrin lọ, àmọ́ bí òkúta ló ṣe ń rì. Ó bẹ Mujeebah kó bá òun ṣe ìdánwò náà. Mujeebah dé fìlà rọ́bà, ó fi awò ìlúwẹ̀ẹ́ bojú, ó sì lúwẹ̀ẹ́ lórúkọ Jọmílójú níwájú olùkọ́ tuntun tí kò tíì dá ojú ẹnikẹ́ni mọ̀. Ìwà òmùgọ̀ gbáà ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń ronú nígbà tí ife bá ti wà lójú?

Lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n ti fi gbogbo ọkọ̀ yòókù sẹ́yìn. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé ibi tí eré parí sí nígbà tí àjẹ̀ Jọmílójú há sínú ewéko ojú omi, ó sì gbé e jù sódò. Àwọn tó kù ń pariwo pé kí Mujeebah máa tọ́ ọkọ̀ lọ. Òun nìkan ló mọ ohun tó mọ̀. Ó yí ọkọ̀ padà, ó bẹ́ sómi, ó fa ọmọ ọlọ́mọ jáde. Kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta ló kọjá wọn.

Débọ̀, olórí ẹgbẹ́, kò jẹ́ kí aṣọ wọn gbẹ kó tó pe ìpàdé.

"Mujeebah, ta ló rán ẹ níṣẹ́? Ṣebí rescue boat wà níbẹ̀. Jọmílójú, ṣé o ò mọ swimming ni?"

Jọmílójú fi tówẹ̀ẹ̀lì nu ojú.

"Mo mọ̀ ọ́n now. Ṣebí gbogbo wa la jọ pass test. Mi ò mọ nǹkan tí Àǹtí rí tí wọ́n fi panic."

Mujeebah ń fún omi kúrò lára aṣọ rẹ̀. Bó bá sọ òótọ́, ilé ẹ̀kọ́ á lé àwọn méjèèjì. Igún ṣoore, ó pá lórí. Wọ́n yọ ọ́ lẹ́gbẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó ń sunkún ní yàrá, inú ń bí i ju bó ṣe ń dùn ún lọ, nígbà tí Jọmílójú wọlé tó kúnlẹ̀. Mujeebah rò pé ó wá dúpẹ́ ẹ̀mí.

"Àǹtí, ẹ ṣé gan-an tí ẹ ò sọ fún wọn," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ o. Wọ́n ti ní kí n gba ipò yín."